Ohun Tí A Bá Nínú Kabúrétọ̀ Bàbá Ṣùkúrù

                                        Ilé Ọ̀jẹ̀túndé,
                                        Ìgànná,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Àpọ́nlé, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ìlua. Ṣé ọyẹ́ yìí kò tíì la gìgísẹ̀ rẹ bó ṣe la tèmi? Ikọ́ tó ń da Bàbá Wàsíù láàmú ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Àwọn ewúrẹ́ rẹ ńkọ́? Ní tiwa, a wà. Orúnkún ń dùn mí, kò tíì pa mí. Sodiqat, ọmọ Ṣùkúrù ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe.

Fi ọkàn balẹ̀ kí n tó sọ ìyókù. Wàsíù ọmọ rẹ kì í ṣe olè. Kò sí ìbúra kankan mọ́ lọ́la ní mọ́ṣáláṣí.

Láti ìgbà tí Wàsíù ti yá màṣíìnì Tàjúdéènì ọmọ mi lọ sí Ìsẹ́yìn, tó sì dá a padà, ni màṣíìnì náà ti ń wúkọ́ bí arúgbó. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á dáhùn, á rìn dé ẹ̀yìn ọjà, á kú. Ni Tàjúdéènì bá ń sọ ọ́ ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà pé Wàsíù ti yọ kabúrétọ̀ gidi tí bàbá òun fi sílẹ̀, ó ti tà á, ó sì fi ayédèrú dípò. O mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń wá kabúrétọ̀ àtijọ́ báyìí, nítorí àwọn tuntun kì í pẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní kí àwọn méjèèjì wá gbá Àlùkùráánì mú lọ́jọ́ Jímọ̀, oorun kò kùn mí mọ́. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, áńbọ̀sì ibi ìbúra.

Mo bá ránṣẹ́ pe Samsudeen mẹkáníìkì pé kó wá tú kabúrétọ̀ náà níwájú mi lójú ọ̀sán, kí Tàjúdéènì dúró tì í. Tàjúdéènì ní kí ni mo mọ̀ nípa kabúrétọ̀. Mo ní n kò mọ nǹkan kan, ojú ni mo fẹ́ fi wò. Ohun tí mo mọ̀, mo gbé e mì. Ṣé o rántí ọdún tí màṣíìnì yẹn gbé Bàbá Ṣùkúrù ṣubú sórí àpáta, tí ife ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ sán, tí epo ń jò? Gọ́ọ̀mù dúdú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ láti inú. Tàjúdéènì ṣì ń rá nígbà náà. Bí mo bá sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á ní mò ń gbèjà ọmọ àbúrò mi.

Samsudeen ti ẹnu epo pa, ó yọ kabúrétọ̀, ó gbé e sórí tíréè mi, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń la iwe adìẹ. Nígbà tí ife ìsàlẹ̀ kúrò, ẹrẹ̀ funfun ló kún un, ó ki bí ògì. Ó fi epo ṣàn án. Gọ́ọ̀mù dúdú náà rèé, ó lẹ̀ mọ́ ibi tó sán. Mo wá sọ ìtàn rẹ̀. Samsudeen fi ìṣó họ ọ́ wò, ó ní ohun àtijọ́ ni, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Tàjúdéènì gbé ife náà, ó yí i wò.

Samsudeen ní epo burúkú ló di ẹrẹ̀ funfun. Mo fi ìka méjì ra á, mo ní láfún ni. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, màṣíìnì kì í jẹ ọkà.”

“Èyí jẹ ẹ́.”

Ìgbà náà ni Sodiqat yìí là á sílẹ̀ pé láàárọ̀ tí Wàsíù ń lọ sí Ìsẹ́yìn, nígbà tí o wá bá wa bẹ́ ẹ̀gẹ́, o ní epo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà dọ̀tí, o fa aṣọ tí a fi ń jọ̀ láfún yọ, o sì fi sẹ́ epo náà sínú táǹkì. Àpọ́nlé, ìmọ́tótó rẹ pọ̀. Láfún bá omi inú epo pàdé, ó di lẹ́ẹ̀, ìwọ lo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ rẹ di olè.

Samsudeen fi okùn wáyà bíréèkì kan ṣoṣo gún ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, ó fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ ẹ títí ó fi ń súfèé. Àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, abẹ́rẹ́ tó ń dí epo ti jẹ. Ó fi tuntun sí i. Ó da epo táǹkì nù, ó fọ̀ ọ́, ó rọ epo tuntun sí i, ó to kabúrétọ̀ padà. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ màṣíìnì, kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ohùn, tí àwọn adìẹ sá. Mo jókòó sórí odó.

Tàjúdéènì ní òun á bẹ Wàsíù lórí fóònù. Mo ní ẹnu tó bú èèyàn ní gbangba kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Òun ló gbé lẹ́tà yìí wá, òun ni yóò sì kà á, nítorí èmi àtìwọ kò mọ̀wé. Pe Bàbá Wàsíù, pe Wàsíù àti ìyàwó rẹ̀ jókòó.

Tàjúdéènì, ìwọ tí ò ń kà á, mo mọ̀ pé o ti fo ibi tí mo ti dárúkọ olè. Padà síbẹ̀, kí o kà á sókè.

Wàsíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ́. Bó bá dọ̀bálẹ̀, má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ jẹun nínú abọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ìwọ ni kí o gun màṣíìnì náà bọ̀, kí Tàjúdéènì jókòó sẹ́yìn rẹ, kí ẹ sì rọra gba iwájú ibùdó àwọn ọlọ́kadà kọjá.

Àpọ́nlé, bá mi kí Bàbá Wàsíù, kí o kí Misturat ìyàwó Wàsíù àti àwọn ọmọ.

Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà ni,
Àdìjátù, Ìyá Ṣùkúrù.
(Ìka mi ni mo tẹ̀ síbí.)