Bàbá Tí Mi Ò Lè Fojú Inú Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ìwé mi padà dé lónìí. Bírò Pupa — ọ̀gá tó ń bá mi tún un ṣe ní ilé ìtẹ̀wé — ti fi ìlà kun ojú ewé bí ẹni ń kun ògiri. Ìtàn Bàbá wa ni mo kọ, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ káfíńtà títí àìsàn fi dá wọn dúró, tí wọ́n kú lóṣù méje sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kẹta, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ta ni bàbá yìí? Mi ò rí wọn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Yàrá kékeré, ìwé dé òkè àjà, fáànù tó ń ké. Ó ní ohùn àwọn èèyàn inú ìwé mi dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní imú, kò sẹ́ni tó ní ojú. Kí n dijú, kí n wo Bàbá dáadáa, kí n wá kọ ohun tí mo bá rí. Mo dijú. Òkùnkùn biribiri. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin máa ń rí nǹkan ni tẹ́ ẹ bá dijú?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n ni, mà. Ṣé ẹ̀yin kì í rí i ni?"

Mo fi ẹ̀rín bò ó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ "fojú inú wò ó" — mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ọjọ́rú, 5

Mo bi gbogbo èèyàn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Gbogbo wọn ló ń rí. Baba ẹnu géètì ní tí àwọn bá dijú báyìí, àwọn á rí ìyàwó àwọn níbi tó ti ń sá aṣọ, títí dórí bọ́tìnnì tó já. Èmi nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Bàbá dúdú. Imú wọn fẹ̀. Àtàńpàkò òsì wọn kò ní èékánná, ayùn ló gé e. Mo mọ gbogbo ẹ̀ — bí mo ṣe mọ̀ pé méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin. Fọ́tò wọn wà lórí tábìlì. Mo wò ó, mo gbójú kúrò, ó tán.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mi ò sunkún. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ọkàn mi le. Ní balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí ni mo bi ara mi: ṣé mo tiẹ̀ fẹ́ràn wọn? Ẹni téèyàn fẹ́ràn, ṣé ojú rẹ̀ máa ń pòórá báyìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ilé Àbúrò. Àwa obìnrin méjì péré ni Bàbá bí. Òun ló jókòó tì wọ́n ní ọsibítù. Èmi, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mò ń yọjú. Mo ní, "Jọ̀ọ́, sọ bí ojú Bàbá ṣe rí fún mi." Kò fẹ́. Mo rọ̀ ọ́. Ó dijú, ló bá bẹ̀rẹ̀ — irun ìpéǹpéjú tó ti ń funfun, ìlà mẹ́ta níwájú orí, bí ètè ìsàlẹ̀ ṣe máa ń yọ síta díẹ̀ tí wọ́n bá ń wọn pákó. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Mò ń kọ, mò ń kọ. Ojú ewé mẹ́rin.

Ó di etí tábìlì mú gírígírí. Mo rí i. Mi ò dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú orí kẹta. Ó jọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé gidi. Inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 12

Ọkọ Àbúrò pè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ bá ìyàwó mi sọ? Láti Sátidé, kò jẹun, kò lọ síbi iṣẹ́." Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí: látìgbà tí Bàbá ti kú, ojú wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹnu wọn là sílẹ̀, ni Àbúrò ń rí — bó bá ń fọ abọ́, bó bá ń wakọ̀. Oṣù méje ló fi ń lé e jìnnà. Èmi ni mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mi ò mọ ẹni tó yẹ kó jowú ẹnì kejì nínú wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Orí àga ló wà, kọ́tìnnì wà ní títì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un — òkùnkùn yẹn, Bírò Pupa, ọjọ́ ìsìnkú. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí wọn rárá? Kí lẹ wá ń rántí?"

Mo ní, "Ohùn wọn ni." Mo ka orí kẹta fún un bó ṣe wà kí n tó lẹ ojú mọ́ ọn: bí sálúbàtà Bàbá ṣe máa ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ eruku igi kúrò lórí pákó, fúù, bí wọ́n ṣe máa ń da orúkọ àwa méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á bínú, tí wọ́n á ní, "Ìwọ yẹn, ẹnikẹ́ni tó o bá jẹ́, máa bọ̀ jàre!" Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi. Ló bá di ẹkún. Èmi náà bá a sun ún, fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ tún un kà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ kàwé fún un. Ó ti ń jẹun. Ó ní Bàbá ṣì ń wá, àmọ́ wọ́n ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òun, wọ́n ń fá pákó.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo yọ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Mo kọ̀wé sí Bírò Pupa: ohùn bàbá yìí lẹ ó máa gbọ́. Ojú wọn ò sí lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní yá ti ẹlòmíì mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24

Kò gbà. Wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́; ìwé mi ti padà sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Mo sọ fún Àbúrò lónìí pé wọ́n ti dá ìwé mi padà. Ó gbójú sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ló ń rò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí èmi náà bá kú ṣáájú yín, ẹ ò ní rí mi mọ́ nìyẹn?"

Mo fẹ́ parọ́. Ó ti dé ẹnu mi. Mo ní, "Mi ò ní rí ẹ."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó gbé wọn lé ojú ara rẹ̀, ó ní kí n má kánjú. Iwájú orí, ó gbóná díẹ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ ju bí mo ṣe rò lọ. Àpá kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n — ìgbà wo nìyẹn? Ó ní ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, pé èmi gan-an ni mo tì í ṣubú. Ètè rẹ̀ ń mì lábẹ́ ìka mi bó ṣe ń sọ ọ́.

A wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi wọlé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò gbọ́wọ́ kúrò.