Fọ́ọ̀mù Bọ́tìnnì Mẹ́tàlélógójì

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀nà Okùn,
Òkè Ilé Búrẹ́dì,
Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Alágbẹ̀dẹ.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Ilé-iṣẹ́ Àká Ìkànnì,
Àjà Kẹta, Ilé Onígíláàsì,
Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ LÓRÍ OWÓ ỌDÚN KEJÌ TÓ DI ÌLỌ́PO MẸ́RIN, ÀTI LÓRÍ FỌ́Ọ̀MÙ MẸ́TÀLÉLÓGÓJÌ TÍ MI Ò FẸ́ KÍ Ẹ PA RẸ́

1. Èmi ni mo ń tún aṣọ ṣe ní yàrá tó wà lókè ilé búrẹ́dì tí mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sókè yìí. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí. Sátidé mẹ́ta péré ló ti kọjá lórí ìgbéyàwó mi, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ayọ̀ ta sí lẹ́tà yìí bí òróró maṣíìnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nù ún kúrò kí ẹ máa kà á lọ. Ẹjọ́ ni mo wá rò, mi ò wá yangàn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi dára.

2. Ní ọdún tó kọjá, mo gba àyè fún ìkànnì ayélujára ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dọ̀ yín, lórí Ètò Àárín, ní iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà tuntun. Owó náà rọ̀ mí lọ́rùn, ìkànnì náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Mi ò ní torí ẹjọ́ sọ pé ẹni tó ṣe é kò ṣe é. Ohun tó wúlò jù fún mi níbẹ̀ ni Fọ́ọ̀mù Àtúnṣe. Oníbàárà á kọ ohun tó ṣe aṣọ rẹ̀ síbẹ̀, á fi fọ́tò ibi tó bàjẹ́ sí i, á mú ọjọ́ tó fẹ́ wá gbà á. Bí mo bá tún un ṣe tán, màá tẹ "Ó ti parí", fọ́ọ̀mù náà á sì wọ ìpamọ́ lọ́dọ̀ yín.

3. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìgbéyàwó wa, bí mo ṣe ń tú àwọn ẹ̀bùn wò (ìkòkò márùn-ún, a ò sì ju ẹni méjì lọ nínú ilé), ni ímeèlì yín wọlé. Ẹ ní ọdún ti pé, pé owó ọdún kejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, àti pé bí mi ò bá san án títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ẹ máa ti ìkànnì náà pa. Ẹ̀yin Ọ̀gá, tẹ̀ríntẹ̀rín ni ẹ fi gbà mí wọlé. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni iye gidi fara pamọ́ sí.

4. Mo pè yín lórí fóònù. Arábìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù. Ẹ bá mi kí i. Ó ní kí n bọ́ sí Ètò Kékeré, tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí mo san lọ. Mo fò sókè. Ó ní kí n dúró ná, pé ẹrù mi pọ̀ ju àyè Ètò Kékeré lọ. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Mà, oníbàárà yín kan ṣoṣo ló gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyè yín. Bọ́tìnnì nìkan ló sì ń mú wá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní, "Ọkọ mi ni." Ẹ̀rín pa á débi pé ó bẹ̀ mí kí n fún òun ní ìṣẹ́jú kan.

5. Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Alágogo ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Ó ń tún agogo ọwọ́ àti ti ara ògiri ṣe ní òpópónà kẹta sí tiwa. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó mú wá já lóòótọ́. Ti ìkejì náà, mo gbà. Nígbà tó di ìkarùn-ún, mo rí i pé abẹ ni wọ́n fi gé òwú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí iṣẹ́ dókítà. Mo rán an, mo tẹ "Ó ti parí", mo sì ń retí ìkẹfà. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi níjọ́sí pé, "Ìyàwó mi, àwa rò pé eku ló ń jẹ bọ́tìnnì ọmọ yìí. Mo tilẹ̀ ra pàkúté."

6. Àṣìṣe tiwa rèé, mi ò ní fi bò. Awò tí Alágogo fi ń wo àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú agogo ló fi ya gbogbo fọ́tò náà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo á kún ojú kọ̀ǹpútà bí òṣùpá. Ẹ óò rí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ óò rí ìlà ìka rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wúwo ju fọ́tò ogún ẹ̀wù lọ.

7. Fọ́ọ̀mù kẹtàlélógójì nìkan ni kò ní fọ́tò. Níbi tí a ti ní kí oníbàárà kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ó kọ pé: "Bọ́tìnnì ti pé. Ìyàwó ló kù." Níbi ọjọ́ tó fẹ́ gbà á, ó kọ pé: "Sátidé tó bá wù yín, ẹ jọ̀ọ́, mà." Títí di ọjọ́ yẹn, mà ló ń pè mí!

8. Òfin kẹsàn-án yín sọ pé bí oníbàárà bá bọ́ sí ètò tó kéré, ẹ̀rọ á máa pa àwọn fọ́ọ̀mù tó ti parí rẹ́, láti orí èyí tó pẹ́ jù, títí ẹrù á fi gba àyè. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ. Mo fẹ́ fúnra mi dín àwọn fọ́tò náà kù. Ẹ̀rọ ní fọ́tò tó bá ti wọ ìpamọ́, a kì í fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n kó lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn; arábìnrin yẹn ní ìkànnì lè lọ, àwọn fọ́ọ̀mù kò lè bá a lọ. Alágogo ní kí n má dààmú, pé òun tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, kí n máa bi òun, òun á máa tún un sọ. Mo dán an wò. Ó ti gbàgbé ti ìkọkànlá pátápátá, èyí tó dùn jù.

9. Mi ò tọrọ ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí Ètò Kékeré, màá san owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín bá mi ṣí ìpamọ́ náà, kó dín àwọn fọ́tò yẹn kù sí ìwọ̀n bọ́tìnnì ọmọlúàbí. Àti nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ iye ọdún kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún kìíní, kí ìkọ̀wé méjèèjì tóbi bákan náà. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọgbọ̀njọ́ ni ọ̀nà okùn tèmi máa dí.

10. Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Òfin kẹsàn-án kan náà ní ẹ̀rọ kì í pa fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí kò tíì parí rẹ́. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, mo tẹ "Kò tíì parí" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá ní kí ẹ̀rọ gbé mi bọ́ sí Ètò Kékeré. Ní báyìí, ẹ̀rọ yín kò lè pa wọ́n rẹ́, kò sì lè kó wọn wọ Ètò Kékeré. Ó kàn ń yí lójú kan ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní irọ́ ni mo tẹ̀, ẹ sọ fún un pé kí a tó ṣègbéyàwó, mo fi òwú onílọ̀ọ́po mẹ́rin rán gbogbo bọ́tìnnì inú àpótí aṣọ Alágogo. Láàárọ̀ yìí, ó jókòó síwájú mi, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì parí, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rín,

Ìyàwó Alágogo,
Alátùn-únṣe Aṣọ, Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀nà Okùn.