Àmì Àtàǹpàkò Lórí Búrẹ́dì

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2025

Ìyá mi àgbà ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́ o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo tẹ́ ìwé sí tí mo ń kọ ọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé eékún tó ń dùn yín ti gbọ́ oògùn? Àwa méjèèjì wà ní àlàáfíà, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Mo mọ̀ pé ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe é ká sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ gba èyí. Ẹ ní kí àbúrò mi Munirah rọra kà á fún yín, nítorí ayọ̀ mi ń sáré ju ọwọ́ mi lọ.

Ọkọ mi ń tọ́jú mi. Oṣù méjì péré sẹ́yìn la ṣègbéyàwó, Oyèdìran sì ti jẹ búrẹ́dì méjì tó le bí òkúta láti ọwọ́ mi láìfajú ro. Ó ní eyín òun ni kò dára. Òtútù ibí ni kì í jẹ́ kí fúláwà wú. Àṣé oòrùn Ìlobù ló ń bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́! Nígbà kẹta, mo fi ìró àdìrẹ tí ẹ fún mi we páànù búrẹ́dì náà bí ọmọ tuntun, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ ní bí ojú ibẹ̀ bá sáré padà, kò tíì tó. Bí ó bá dúró bí ẹni tó ń ronú, kí n gbé e wọ ààrò. Ìyá mi, ó ronú. Ó sì jáde pẹ̀lú àmì ìka lórí, bíi tiyín gẹ́lẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìfọ́n ni ìyá ọkọ mi, pé wọ́n ti pẹ́ nílùú yìí, pé wọn ò sì wá síbi ìgbéyàwó wa. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti wá kí wa, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní àwọn ti jẹun wá. Wọn ò mu omi mi pàápàá. "Ọmọ Ìlobù" ni wọ́n ń pè mí, wọn ò pe orúkọ mi rí. Oyèdìran ló sọ fún mi pé bàbá wọn ló kìlọ̀ fún wọn láti kékeré, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù, pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ohun tí ọwọ́ Ìlobù bá sè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín lójú wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ, ẹkún ni. Ìyàwó wo ni mo jẹ́, tí ìyá ọkọ mi kò lè jẹ oúnjẹ mi?

Àná, ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń gbé búrẹ́dì kẹta náà jáde nínú ààrò ni wọ́n wọlé. Wọ́n rí àmì orí rẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Búrẹ́dì Alátàǹpàkò nìyí. Búrẹ́dì Òṣogbo. Ta ló gbé e wá láti ilé?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ sẹ́nu, wọ́n di ojú. Wọ́n ní bàbá wọn máa ń rà á fún wọn ní Ìfọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá yege nílé ìwé, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé e wá láti Òṣogbo. Wọ́n wò mí, wọ́n fi kún un pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Ìlobù.

Ìyá mi, mo rántí Màmá Kékeré, Rísíkátù àbúrò yín tó ń bá yín kiri búrẹ́dì, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa pè é ní búrẹ́dì Òṣogbo bí wọ́n bá ti wọ Ìfọ́n, kí ọjà lè tà. Ọkọ mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ wọ ọkàn wọn, irọ́ náà ni wọn yóò máa fẹ́ràn, kì í ṣe èmi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi àgbà ní Ìlobù ló ń ṣe é. Èmi ni mo ṣe èyí."

Wọn ò jẹnu mọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ò ń sọ pé ọwọ́ Ìlobù ni bàbá mi fi ń bọ́ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wo búrẹ́dì náà títí.

Wọ́n ní, "Bí yóò bá pa mí ni, ì bá ti pa mí ní ìwé mẹ́fà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi yẹ̀. Wọ́n fa àga jókòó, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Mọ́ládùn, bọ́tà dà?"

Ìyá mi, ẹ óò pẹ́ fún wa. Iná ààrò yín kò ní kú, ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní rọ. Ẹ óò fi eékún tó jí pépé gbé ọmọ mi jó.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín, ìyàwó Oyèdìran,
Mọ́ládùn

Àfikún: Ẹ yí ìwé yìí sẹ́yìn. Ẹ óò rí àmì àtàǹpàkò méjì, bọ́tà ló jẹ́ kí wọ́n máa dán. Èyí tó kéré ni tèmi. Ìyá ọkọ mi ló tẹ èkejì. Mo ti ròyìn Màmá Kékeré fún wọn. Wọ́n ní kí ẹ fi han Màmá Kékeré, kí ẹ bi wọ́n bóyá Òṣogbo ni èyí náà ti wá.