Àwọn Epìà Ńlá Inú Adágún Baba

                                        Ẹ̀bá Ibùdó Rélùwéè,
                                        Ọ̀fà.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Olúṣèyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Fọlákẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti ro oríṣiríṣi. Ní tiwa, a dúpẹ́, àyàfi ẹ̀jẹ̀ ríru mi, àti ọ̀rọ̀ Baba rẹ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Baba kò gbádùn. Oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Epìà inú adágún tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà Òjòkù nìkan ni wọ́n ń béèrè, èyí tó fẹ̀ bí àwo. Kò sí i mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò ju ìka mẹ́ta lọ, wọ́n sì pọ̀ bí eṣú. Baba gbà pé ńṣe ni àwọn ará àdúgbò ń gbé èyí tó tóbi pamọ́ fún wọn, pé aráyé ti kà wọ́n sí òkú. Nígbà tí Jímọ̀, ọmọ Ràfátù aládùúgbò yín, tó máa ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀, mú kéékèèké wá, Baba ní, “Jímọ̀, àwọn bàbá wọn ńkọ́? Àbí ìyá rẹ lo gbé wọn fún?” Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Láti ọjọ́ náà kò wá kí Baba mọ́.

O mọ àṣà ibẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ju ìwọ̀ sínú adágún, Baba ló ni èyí tó tóbi jù, kékeré ni kó dá padà sómi. Gbogbo wa rò pé ẹja yóò máa pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Mo mú ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa ẹja wá láti Ìlọrin. Ó ní àwọn akọ ńláńlá ló ń ṣọ́ ibi tí ẹyin wà. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn ni wọ́n ń bù jẹ, ebi ì báà má pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀ fi ń tètè mú wọn. Nígbà tí àwọn àgbà tán, kéékèèké kò dúró dàgbà mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Wọ́n pọ̀ jù, oúnjẹ kò kárí, gbogbo wọn bá dúró ní kékeré. Láti ọdún gbọọrọ, ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún Baba ló ń pa àwọn bàbá ẹja.

Àdìkẹ́ ìyàwó mi ra epìà ńlá kan tó wá láti Jẹ́bbà, ó sì sè é. Baba tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “O ṣeun, ìyàwó wa, ṣùgbọ́n ẹja odò ẹlòmíràn nìyí.”

Ẹ̀rù bà mí láti sọ òótọ́ fún wọn. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò máa bínú sí ará àdúgbò títí ọjọ́ yóò fi pé. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè bà wọ́n nínú jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdìkẹ́ ní kí n lọ sọ ọ́, pé ìmí ẹ̀dùn mi ti sú òun. Mo lọ sọ ọ́.

Baba béèrè pé bí a bá ń fi èyí tó bá tóbi díẹ̀ sílẹ̀, tí a ń kó kéékèèké jẹ, ìgbà wo ni wọn yóò tó tóbi. Mo ní ọ̀gá yẹn sọ pé ó máa gbà tó ọdún mélòó kan. Wọ́n ní, “Oyètúndé, mi ò lè dúró dè wọ́n. Bá mi pe Jímọ̀.”

Jímọ̀ wá láàárọ̀ àná. Baba di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Má bínú, ọmọ mi. Tó o bá tún rí èyí tó tóbi, dá a padà. Kéékèèké ni kó o máa mú bọ̀, a ó jọ máa jẹ ẹ́.” Jímọ̀ lọ pẹja náà wá, a dín in gbẹ. Ẹyọ kan péré ni Baba lè jẹ.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ọ̀rọ̀ yìí ń já mi láyà. Jọ̀wọ́, má dúró de Kérésì kó o tó wálé. Bá mi kí Fọlákẹ́ àti àwọn ọmọ. Àdìkẹ́ ń kí yín. Baba kò ní kí n kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Jacob Oyètúndé