Ẹ Má Yọ Orin Kúrò Nínú Ìtàn Ìyá Àgbà

Òde-Ayé

Màmá Joy,

Mo kí yín, mo kí Bàbá Joy àti Joy pẹ̀lú. Àlàáfíà la wà. Wíwú ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń lọ sílẹ̀, a sì ti ń ṣe epo tọdún yìí.

Mo rí ìtàn tí ẹ kọ fún ìwé ìdúpẹ́ àádọ́rùn-ún ọdún Ìyá Àgbà. Ẹ ní aṣọ ni wọ́n tà n'Íbàdàn. Mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní, "Bá mi kí obìnrin aláṣọ yẹn. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Mo mọ̀ pé ojú ìjọ ni ẹ ń wò. Ṣùgbọ́n owó orin tí Ìyá Àgbà kọ ní kílọ́ọ̀bù àti lórí ìtàgé ló rán yín lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N kò ní gbé irọ́ yẹn lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò tí wọ́n ti di makirofóònù mú ránṣẹ́. Mo ti fi ojú ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ wá bá wa dúpẹ́. Ìyá Àgbà ní àwọn ṣì rántí orin tí àwọn fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún ní kékeré. Orin kílọ́ọ̀bù ni.

Ọmọ yín,
Ọ̀rẹ́olúwa