Ẹ̀bẹ̀ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Àǹtí Rísí

"Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ yìí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ta ní ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tí kò jalè?"

Màámi, bí Àǹtí Rísí ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni, ní ilé oúnjẹ wọn ní Ìkòsí, níwájú gbogbo àwa òṣìṣẹ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ohùn yín jáde nínú sípíkà tí a fi ń kọrin fún àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ gbólóhùn yẹn, tí wọ́n sì bọ́ épírọ́ọ̀nù kúrò lọ́rùn mi.

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èkó níbí. Mo kí Bàámi, mo sì gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Múfú àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà. Ẹ má ka ìwé yìí fún wọn tán, ọkàn wọn kò gba irú rẹ̀ mọ́. N kò fi ìwé yìí sínú àpò ìwé. Orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo gbé e sí, níbi tí gbogbo ará Ṣakí tó wà ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Mile 12 yóò ti kà á. Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Èsì rẹ̀ kò yẹ ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá: àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Rísí, ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n ti lé ní ogún ọdún ní Èkó. Wọ́n wá mú mi nílé lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo ti gba HND ní poli nínú ètò ilé ìtura àti oúnjẹ. Wọ́n ní ilé oúnjẹ àwọn ti tóbi, àwọn ń fẹ́ ọmọ tó kàwé tí yóò bá àwọn ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe àdúrà sí mi lórí. Ẹ ní kí n máa gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, mo sì gbọ́ràn.

Yàrá tí mo háyà wà ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òwòdé Onírin. Bí òjò bá ti rọ̀ láti alẹ́, mo máa ń kó bàtà mi sínú ọ̀rá láàárọ̀, màá fi ẹsẹ̀ la omi kọjá dé títì, màá nu ẹsẹ̀, màá wọ bàtà, màá sì dé ẹnu iṣẹ́ kí aago méje tó lù. Ẹ̀ẹ̀rùn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ooru ilé ìdáná ń bá ènìyàn dé orí ẹní. Láti àárọ̀ di alẹ́, "Síísì" àti "Fáìn gẹ̀ẹ́lì" ni àwọn oníbàárà ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò pa mí lára. Mo kàn ń sọ bí ó ti rí.

Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni owó oṣù mi. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Mo fi sùúrù mú ọ̀rọ̀ yìí tọ Àǹtí lọ, mo tẹrí ba, mo fi "ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ké sí Fúnkẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà pé kó wá wo ọmọ poli tó fẹ́ kọ́ àwọn lófin. Wọ́n ní ìdajì tó kù wà lápò àwọn oníbàárà. Wọ́n ní orúnkún òṣìṣẹ́ ni owó oṣù rẹ̀ wà: ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, owó yóò tọ̀ ọ́ wá; ẹni tí tirẹ̀ bá le bí igi, kó máa gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jẹ.

Wọn kò fi ṣeré, Màámi. Ètò iṣẹ́ wa ni. Kí a tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà, a ó kúnlẹ̀, a ó bi í ní ìlú rẹ̀, a ó sì kì í ní oríkì ìlú náà. Nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mo dàgbà, oríkì pọ̀ lẹ́nu mi, èmi ni wọ́n sì máa ń fi sí ìdí tábìlì àwọn olówó. Wọn a máa mi orí, wọn a máa fún mi ní owó ọpẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tíìpù. Tíìpù yìí kò gbọdọ̀ wọ àpò ẹni tí wọ́n fún. Inú ike funfun kan tó wà níwájú Fúnkẹ́ ni a ń jù ú sí, Àǹtí ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

A rò pé wọn yóò pín in fún wa. Ìgbà tí ibà dá Fúnkẹ́ dúbúlẹ̀ ní òpin oṣù kan, tí mo jókòó dípò rẹ̀, ni mo rí òótọ́. Inú ike yẹn ni wọ́n ti ń san owó oṣù fún wa. Ọpẹ́ tí oníbàárà dá fún mi ni wọ́n ń dá padà fún mi bí ẹni pé àwọn ló san án, wọ́n á sì tún dúró kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Oníbàárà wa kan wà tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Alhaji là ń pè é. Ó bi mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan bóyá owó inú ike ń dé ọwọ́ mi. Mo kàn wo ọ̀dọ̀ ike náà. Ọ̀rọ̀ yé e. Ó gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ránṣẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti fo odi ike wọn lónìí. Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n tilẹ̀ sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ náà ti yípo ni ẹ̀rín parẹ́ lójú wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn ni olè tí mo jà.

Mo tún bi wọ́n nípa òfin. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti múra sílẹ̀. Wọ́n ní lọ́yà kan tó ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn ti là á yé àwọn: òfin náà kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó márùndínlọ́gbọ̀n, kò sì kan ẹni tí ń gba kọmíṣọ̀n, tíìpù sì ni kọmíṣọ̀n wa. Mo lọ wá òfin náà, mo sì kà á. Òótọ́ ni pé gbólóhùn méjèèjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ̀n ni ohun tí ọ̀gá bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn láti san lórí ọjà tó tà. Ẹ̀bùn oníbàárà kì í ṣe owó ọ̀gá, kò sì sí ibi tí mo ti rí i nínú òfin yẹn pé kí ọ̀gá fi dí ihò owó oṣù. Ti iye òṣìṣẹ́ ńkọ́? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá.

Wọ́n mọ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wo ilé iṣẹ́ wa, wọ́n ní kí mẹ́tàlá nínú wa lọ dúró lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. A dúró nínú èéfín fún ìṣẹ́jú bí ogójì. Ìyá Ìdòwú tó ń se ọbẹ̀ ní ẹni tó bá rí wa yóò rò pé ewúrẹ́ tí wọ́n jí gbé ni wá, pé kí ẹnikẹ́ni má ké "mẹ́ẹ̀" o. A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wa. Ọkùnrin náà kọ méjìdínlógún sínú ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Àǹtí fẹ́ràn àdúrà, wọ́n sì fẹ́ràn owó ìtanràn. Àràárọ̀ là ń ṣe àdúrà kí a tó ṣílẹ̀kùn: lónìí ti Mùsùlùmí, lọ́la ti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Nítorí pé mo kàwé, èmi ni wọ́n ní kí n fa ìlà sí ìwé náà: orúkọ, aago, ìfọwọ́sí, ìtanràn. Ojoojúmọ́ ni àwọn fúnra wọn ń fi gègé tiwọn kọ iye wa sí ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ́ kẹ́lẹ́ sá fún ìtanràn. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Alihamudulilahi." Ọjọ́ kejì: "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ògo fún Olúwa." Wọ́n á sì buwọ́ lù ú. Mo ti ya àwòrán gbogbo ojú ìwé náà, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, títí kan ọjọ́ tí a jẹ́ méjìdínlógún lójú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta ni mo pín in sí. Bí wọ́n bá dáná sun ìwé yẹn lónìí, iná lásán ni wọ́n dá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tiyín, Màámi.

Nígbà tí Àǹtí pè yín pé mo ń jí owó, ẹ kò pè mí. Ẹ kò bi mí. Ẹ kàn gbé fóònù, ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò yín pé, Rísí, jọ̀ọ́, forí jì í, ọmọdé ló ń ṣe é, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ tún di ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí wọn. Ohùn yẹn ṣì ń dún létí mi débi pé mo mọ ibi tí ẹ ti húkọ́ nínú rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Nílé wa, ẹni tí ọmọ ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ bẹ̀ kí a tó wádìí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi Múfú da omi sí símẹ́ǹtì ọ̀gá wọn, ẹ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, òótọ́ jáde lọ́jọ́ kẹta pé òjò ni, ọ̀gá náà sì wá jẹun nílé wa. Ní Ṣakí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Àmọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá láti ibi púpọ̀. Àwọn kan wá láti Calabar, àwọn kan láti Benue. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún wọn, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni pé ìyá olè ti jẹ́wọ́. Àǹtí mọ̀ wá, wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn yẹn yóò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi sípíkà gbé e.

Ẹ gbọ́ ohun tó bàjẹ́. Ẹni ogún nínú wa ti gbà láti buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn tí mo kọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta ló kù pẹ̀lú mi. Àwọn yòókù ní àwọn kò ní tọ olè lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ìyá Ìdòwú pàápàá, tó bá mi dúró nínú èéfín, ti ń yí ojú kúrò bó bá rí mi ní ibùdókọ̀ Kétu.

Bàámi ti pè. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Mo dá wọn lóhùn pé n kò tíì dé kóòtù, ọ̀rẹ́ wo ló kù? N kò fẹ́ ìlàjà. Mo fẹ́ kí Àǹtí fi owó ara wọn, kì í ṣe owó inú ike, san ohun tí wọ́n jẹ gbogbo wa. Mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn padà wá, kí ó ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí wọn létí látinú ìwé ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ó dùn wọ́n, kí ó sì pẹ́ lára wọn. N kò ní bú wọn. "Ẹ" àti "wọ́n" kò ní kúrò lẹ́nu mi títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín: ẹ fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ yìí. Ẹ dárúkọ ara yín. Ẹ sọ pé nítorí pé ọmọ yín wà lọ́wọ́ Rísí ni ẹ ṣe bẹ̀ ẹ́, pé ẹ kò bi ọmọ yín léèrè kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀, àti pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ní olè. Bí ẹ bá sọ ọ́, ìwé ẹ̀sùn yóò ní ogún ìbuwọ́lù. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, màá gbé e lọ pẹ̀lú mẹ́rin, tèmi pẹ̀lú mẹ́ta, màá sì mọ ẹni tó já mi sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín lẹ́mìí gígùn nínú àlàáfíà. Kí ó má jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìsọ̀ tó yí yín ká, ẹ kí ọmọ kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi Múfú bí, tí n kò tíì rí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni èmi àti ìwé ẹ̀sùn yóò dé ọ́fíìsì náà.

Èmi ni ọmọ yín, Ṣèrífátù, tí yóò máa retí ohùn yín títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yìí, kò sì ní retí rẹ̀ kọjá ìgbà náà.