Owó Ìbídùn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹ̀ìn. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ẹ máa ń gbé òkúta lé ṣì ń pariwo. Mi ò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìwé kan lára ògiri báǹkì. Orúkọ àwọn tó ti pa àkáǹtì wọn tì láti ọ̀pọ̀ ọdún ló wà níbẹ̀. Mo rí Ìbídùn, orúkọ ìdílé wa sì tẹ̀ lé e. Bàbá, ta ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀? Fọlákẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ló wà nínú ìwé ìbí mi. Ìbídùn ni orúkọ tí ẹ sọ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí ẹ̀yin nìkan ń pè láti ẹnu ọ̀nà bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ tíṣà yín ní Ọ̀dẹ̀dá dé. Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé ẹ ń fowó pamọ́ fún mi? Àbí ọjọ́ ìgbéyàwó mi lẹ ń dúró dè?

Báǹkì ní kí n lọ búra ní kóòtù pé èmi ni Ìbídùn. Kóòtù ní kí àgbà kan tó mọ̀ pé orúkọ mi nìyẹn wá jẹ́rìí. Màmá ti lọ. Àǹtí Wásinmi, àbúrò yín, náà ti lọ. Ó wá ku ẹ̀yin, bẹ́ẹ̀ kóòtù kì í gbọ́ ẹ̀rí òkú.

Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, owó náà á bọ́ sápò ìjọba. Wọ́n ń sọ lórí rédíò pé irú owó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa fi gbẹ́ kànga sí abúlé, kí wọ́n fi ra oògùn fún aláìní. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn kí owó ọkọ̀ lè ṣẹ́kù!

Bàbá arúgbó kan níwájú kóòtù ní òun á bá mi jẹ́rìí, kí n ṣáà fún òun lówó ẹ̀kọ. Mo ní kó pè mí wò ná.

“Ìbídùn.”

Kò jọ ohùn yín rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sílé.

Mo wá rántí kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ máa ń gbé lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, nítorí kò sí omi níléèwé. Èmi ni mo ń pọn ọ́n, mo sì máa ń kùn. Ẹ foríjì mí. Ẹ jẹ́ kí owó náà lọ, bóyá á di omi fún ọmọ kan. Orúkọ yẹn ni n kò lè fi sílẹ̀ fún àlejò.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń retí ohùn yín lẹ́nu ọ̀nà,
Ìbídùn.